Abala Tí Bàbá Àgbà Gé Kúrò

Níbi ìsìnkú Bàbá Àgbà, pásítọ̀ ní kí èmi, Délé, wá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún nípa wọn, torí pé èmi ni ọmọ-ọmọ tó bá wọn gbé pẹ́ jù. Mo dìde. Mo wo àwọn èèyàn tó kún ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Irving, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas ní Amẹ́ríkà, mo ní, "Bàbá dáa," mo sì jókòó. Ìyàwó mi fẹnu sí mi létí, ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?" Gbogbo ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Èyí tó kù ni mo jókòó kọ yìí, torí ìwé kì í wo èèyàn lójú.

Kí ẹnikẹ́ni má retí ìtàn láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú o. Ìwé tí mo kà ò tó ìyẹn. Fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ọkọ̀ ni mo sì ń wà: bọ́ọ̀sì tó ń kó èèyàn láti ibi tí wọ́n páàkì sí lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ́pọ́ọ̀tù. Ohun tí mo mọ̀ nípa Bàbá Àgbà ò ju ohun tí ojú mi rí láàárín pálọ̀ àti kíṣìnnì lọ.

Iṣẹ́ wọn náà kì í ṣe iṣẹ́ téèyàn lè tètè ṣàlàyé. Kétu ni wọ́n bí wọn sí, lápá ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, níbi tí ọmọ Yorùbá ti ń fi èdè Faransé kàwé. Fáda kan kọ́ wọn ní dùùrù ní kékeré. Láti ìgbà náà, wọ́n máa ń mú ewì tí ẹnì kan fi Faransé kọ, wọ́n á fi orin sí i, ẹnì kan á máa kọ ọ́, ẹnì kan á máa tẹ dùùrù lẹ́yìn ẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí ègbè, kò sí àtẹ́wọ́. Orin náà lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó sì lè gbà wọ́n lọ́dún kan. Wọ́n fi owó tíṣà gbọ́ bùkátà ní Àjàṣẹ́, lápá Faransé kan náà, wọ́n tún kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ní Àgbádárìgì, kí màámi, tó jẹ́ ọmọ wọn, tó kó gbogbo wa wá sí Dallas.

Pásítọ̀ wa, tí kò ju àbúrò mi lọ, fẹ́ràn wọn gan-an, àmọ́ àwọn orin yẹn ń kọ ọ́ lóminú. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó tẹ̀lé wọn dé ìdí ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú, àwọn orin Faransé yín yìí, ṣé orúkọ Jésù wà níbẹ̀?"

"Rárá."

"Kò tiẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Pásítọ̀, ìròyìn ojú ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ láàárọ̀, tẹ́ ẹ fi mú agboòrùn dání, ṣé orúkọ Jésù wà níbẹ̀?"

Pásítọ̀ wo agboòrùn ọwọ́ ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà wọnú ọkọ̀, wọ́n so bẹ́líìtì, wọ́n wá ní, "Ọlọ́run ló ni òjò. Ẹni tó bá kọrin òjò dáadáa ti kí I."

Dùùrù wọn nílé kì í ṣe dùùrù gidi. Kíbọ́ọ̀dù ni, orí tábìlì tí ìyàwó mi fi ń lọ aṣọ ló sì ń gbé. Ìdí nìyẹn tí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi fi máa ń rún. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń pè mí ní Uncle, máa ń dúró síbẹ̀ gbọ́ orin bí wọ́n bá ti dé láti ilé ìwé. Lọ́jọ́ kan Bàbá Àgbà tẹ orin kan tán, wọ́n bi èyí tó kéré jù pé ṣé ó dùn.

"It's kind of sad, Grandpa."

"Kín ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ó bà á nínú jẹ́."

"Ó dáa. Sọ fún un pé kó padà wá lọ́la, ó ṣì kù."

Wọn kì í fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú Amẹ́ríkà, àfi lórí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì. Láàárọ̀ gbogbo, wọ́n á fẹ́ ki búrẹ́dì bọ inú tíì bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Àjàṣẹ́, gbogbo ẹ̀ á sì fọ́ sínú kọ́ọ̀bù. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní, "Èyí tó rọ̀ báyìí, orí ló yẹ kéèyàn gbé lé e sùn."

Bí ewì kan bá wù wọ́n, wọn kì í súnmọ́ dùùrù. Ẹni tó máa kà á sókè fún wọn ni wọ́n máa ń wá kiri. Wọ́n ní àwọn ò lè fi orin sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ò tíì gbọ́ lẹ́nu alààyè. Ní Kétu, ìyẹn ò le. Ní Dallas ńkọ́? Èmi ni mo ń fi ọkọ̀ gbé wọn wá ẹni tó gbọ́ Faransé. Ọmọ Tógò kan wà níbi tí mo ti ń ra gáàsì. Obìnrin Kóńgò kan sì wà tá a máa ń bá níbi ìfọṣọ àpátímẹ́ńtì wa, tó ń di ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Coppell. Bàbá Àgbà á yọ ìwé lápò, wọ́n á nà án sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin yẹn rò pé ìwé ìmígréṣọ̀n ni. Ó ń kà á, ó ń wo ojú mi bíi pé èmi ni mo fẹ́ wá mú un. Èmi náà ń wo ojú ẹ̀, torí mo rò pé ó máa pe ọlọ́pàá. Bàbá Àgbà ti di ojú ní tiwọn, wọ́n ń fi ìka tẹ orí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Níbi tí ohùn obìnrin náà ti gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ náà ni ohùn ti ń gbọ̀n nínú orin náà títí dòní. Akọrin tó bá kọ ọ́ láìgbọ̀n, wọ́n á ní kó padà lọ bẹ̀rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kàn jókòó sídìí dùùrù kí wọ́n wá ohùn tó dùn. Wọ́n ní, "Orin ti wà lẹ́nu èèyàn kó tó dé inú dùùrù. Èmi kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bá wọn dé orí ìtàgé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan nílùú yìí ní kí wọ́n wá fi orin mẹ́rin han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin kan á kọrin, Bàbá Àgbà á tẹ dùùrù, èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, n ó máa ṣí ìwé. Mi ò mọ orin kà, kò sì pọn dandan: tí wọ́n bá ti mi orí, kí n ṣí i. Àmọ́ èèyàn tó wà níbẹ̀ tó ogójì, gbogbo wọn ni mo sì rò pé wọ́n ń wo ìka mi. Bàbá Àgbà mi orí. Mo ṣí ewé méjì pọ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo fẹ́ dá a padà, òógùn ti lẹ ìwé mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá Àgbà ò wo ìwé, wọn ò wo èmi náà. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ láti inú orí wọn, títí orin fi bá mi níbi tí mo ti lọ dúró dè é.

Nígbà tá a dénú ọkọ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù kì í ṣí ewé kan ṣoṣo. Ó máa ń fẹ́ tètè dé ìparí."

Bí àlejò bá bi wọ́n pé èwo ló dùn jù nínú orin wọn, wọ́n á ní, "Èyí tí kò pé." Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí ẹ̀. Màámi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, Bàbá Àgbà wá fi ẹnu ara wọn sọ ìyókù.

Ní Àjàṣẹ́, wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Mátíà Ọdúntàn, tíṣà bíi tiwọn. Mátíà ń kọ ewì, ó ń kà á sókè lórí bẹ́ńṣì kan lẹ́yìn ilé ìwé, Bàbá Àgbà ń fi orin sí i. Lọ́dún kan, Mátíà kọ ewì gígùn kan nípa ọyẹ́, abala márùn-ún. Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ níwájú àwọn aláṣẹ níbi àṣekágbá ọdún. Mátíà wọ kóòtù tuntun, ó jókòó síwájú. Akọrin kọ abala kìíní, ó kọ ìkejì, ó kọ ìkẹta, ó kọ ìkẹrin. Dùùrù dákẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mátíà ṣì jókòó, ó ń dúró de ìkarùn-ún.

Nígbà tí èrò tú ká, ó bá Bàbá Àgbà nídìí dùùrù.

"Abala tó kù dà?"

"Mo gé e. Orin ti parí, Mátíà. Bí orin bá ti parí, ó ti parí."

"Orin ti ta ni? Èmi ò tíì dákẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mátíà wá sílé, ó ṣa gbogbo ewì ẹ̀ lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn lọ. Àwọn ìyàwó bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà bẹ̀bẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kọ̀. Lọ́dún yẹn náà ni Bàbá Àgbà kó ẹrù wọn kọjá sí Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan ò sì tún kọjá láàárín wọn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Irving ni ìròyìn ikú Mátíà ti bá wọn. Wọn ò sunkún. Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, wọ́n dá tábìlì padà fún ìyàwó mi, fún oṣù mẹ́ta gbáko ni aṣọ mi fi gún régé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ni, "Mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ti wá mú un lọ."

Lóòótọ́ ló mú un lọ, torí Bàbá Àgbà ò ní ẹ̀dà abala karùn-ún yẹn. Wọ́n gbìyànjú láti rántí ẹ̀, kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ tó kù sí wọn lórí. Wọ́n ti pé àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, dókítà sì ti sọ fún màámi pé ọkàn wọn ti ń ṣàárẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ láyé ò ju ẹyọ kan lọ mọ́: kí orin yẹn pé kí àwọn tó lọ.

Ìyàwó mi ló rí ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ni. Níbi iṣẹ́ ẹ̀, ó pàdé nọ́ọ̀sì mìíràn tó ń gbé ní Forney, lódìkejì Dallas, tó ní Àdùkẹ́ lorúkọ òun, pé ọmọ Àjàṣẹ́ ni òun, tíṣà ni bàbá òun, Ọdúntàn ni wọ́n ń jẹ́ nílé àwọn. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan fún un, ó kàn gba àdírẹ́sì ẹ̀. Ó délé, ó sọ fún Bàbá Àgbà.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gba nọ́ńbà ẹ̀."

"A kì í fi fóònù bẹ̀bẹ̀."

"Obìnrin yẹn ò lè ju ẹgbẹ́ mi lọ, Bàbá Àgbà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa dọ̀bálẹ̀ fún un? Ẹ jẹ́ kí n bá yín dọ̀bálẹ̀."

"Ìwọ lo gé e? Ẹni tí mo ṣẹ̀ ò sí mọ́. Ẹni tó jókòó sórí àga ẹ̀ ni màá bẹ̀."

A lọ ní Saturday tó tẹ̀ lé e. Láti Irving dé Forney, freeway ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín: awakọ̀ ni mí, mo sì ń bẹ̀rù freeway. Bọ́ọ̀sì tí mo ń wà, ojú kan náà ló ń yí po, kò sẹ́ni tó ń sáré níbẹ̀. Níbi tí àwọn afárá Dallas ti ń gun ara wọn lórí bí ejò tó ń jà, mo gbá sítíárì mú bíi pé ó fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá Àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tòun ti kóòtù àti táì.

Ilé tuntun ló kún àdúgbò yẹn, wọ́n jọra bí ìbejì. Èyí tí mo kọ́kọ́ kàn, ajá ló dáhùn. Kí onílé tó yọjú, mo ti padà sínú ọkọ̀, mo ti ti ilẹ̀kùn pa. Bàbá Àgbà yíjú sí mi.

"Ṣé a ti bẹ̀bẹ̀ tán ni?"

Ilé kejì ni Àdùkẹ́ ti ṣílẹ̀kùn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Kó tó lanu, Bàbá Àgbà ti yọ gíláàsì ojú wọn fún mi. Wọ́n tẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n fi orúnkún kan ilẹ̀, wọ́n wá na ara wọn tán gbọọrọ lórí kọnkéré gbígbóná yẹn. Ó pẹ́ díẹ̀. Èèyàn àádọ́rùn-ún ọdún kì í yára ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," Àdùkẹ́ ní. "Àwọn ará àdúgbò yìí á rò pé ẹ ṣubú ni, wọ́n á pe ambulance."

"Kí wọ́n pè é. Èmi ni mo gé ewì bàbá ẹ."

Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ni èmi náà bá dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tòun ti gíláàsì wọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin nìyẹn," Àdùkẹ́ ní. "Bàbá mi ò pe orúkọ yín nílé wa rí. Telọ ni wọ́n ń pè yín. Wọ́n ní ẹ gé ṣòkòtò àwọn kó lè bá aṣọ tó kù sí yín lọ́wọ́ mu."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," Bàbá Àgbà dáhùn láti ilẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n nínú họ́ọ̀lù. Nígbà tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú. Ọjọ́ méjì ló fi dùn mí."

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá wọn mú lábẹ́ apá bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń gbé èèyàn, ó gbé wọn dìde. "Ẹ wọlé. Oòrùn ń pa yín."

Inú àpótí kan ni ìwé ewì bàbá ẹ̀ wà, láàárín aṣọ ìkókó. Kò jẹ́ kí Bàbá Àgbà fọwọ́ kàn án. "Ìwé yìí ò ní kúrò nílé mi. Màá ka abala yẹn fún yín. Tẹ́ ẹ bá fi orin sí i, èmi lẹ máa kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ẹlòmíràn ò ní gbọ́ ọ." Bàbá Àgbà ní àwọn gbà. Ó kà á. Ó ti pẹ́ tó ti ka Faransé sókè gbẹ̀yìn, ó ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ní ìlà kẹta, ó dúró, ó fi apá aṣọ nu ojú, ó tún ń kà á lọ. Bàbá Àgbà ní kó tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró síbẹ̀.

Mo bi í pé kí ni bàbá ẹ̀ wí níbẹ̀, torí èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀ bí ère, tí mi ò gbọ́ Faransé. Ó ní, "Wọ́n ní ọyẹ́ ló kọ́ àwọn pé ètè tó ti là náà lè kọrin."

Ìlà mẹ́rin, oṣù márùn-ún. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á fà á ya. Èémí wọn ti kúrú, màámi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sinmi, wọ́n ń dá a lóhùn pé ìsinmi pọ̀ níbi táwọn ń lọ. Láàárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, kí n gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń mí. Lọ́jọ́ kan, ohùn wọn jáde láti inú: "Mo ṣì wà. Lọ síbi iṣẹ́."

Nígbà tó parí, mo gbé kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn ọkọ̀, a padà sí Forney. Wọn ò wá akọrin kankan. Lórí tábìlì ìjẹun Àdùkẹ́, wọ́n fi ohùn ara wọn kọ abala márààrún. Ohùn náà ti gbẹ, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, àmọ́ kò já. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹta abala tó kẹ́yìn, orin dúró. Ó dúró gẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń nu ojú, ó tún wá ń lọ. Àdùkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Kò sọ pé ó dùn, kò sọ pé kò dùn. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìwé bàbá ẹ̀ jáde, ó gbé e lé orí kíbọ́ọ̀dù.

"Mọ́kànlá ló kù níbẹ̀ tẹ́nì kankan ò tíì fi orin sí. Ẹ máa mú u lọ. Ẹ má gé nǹkan kan."

"Mọ́kànlá? Ọmọ mi, ṣé o mọ ọjọ́ orí mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀."

Mẹ́ta ni wọ́n rí ṣe kí wọ́n tó lọ. Àdùkẹ́ ló wá ka gbogbo wọn fún wọn.

Àmọ́ nígbà tá à ń darí bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí mo rò pé inú wọn á máa dùn, wọ́n dákẹ́ títí a fi kọjá Mesquite. Wọ́n gbé ìwé Mátíà lé itan, wọn ò ṣí i.

Mo ní, "Bàbá Àgbà, ó ti wá pé báyìí o."

"Délé, kí ni mo sọ fún Mátíà nípa orin yẹn?"

"Pé ó ti parí ní abala kẹrin."

"Irọ́ ni." Wọ́n ń wo iwájú. "Abala karùn-ún ló dára jù nínú ewì yẹn. Mátíà mọ̀, èmi náà mọ̀. Mo fi odindi oṣù kan wá ohùn tó lè gbé e, mi ò rí."

Ọkọ̀ àjàgbé ńlá kan ń kọjá lápá òsì mi, mo di sítíárì mú, mo ń dúró dè wọ́n.

"Ẹ̀rù bà mí," wọ́n ní. "Ni mo bá gé e."